Ọwọ́ Tó Wà Láàárín Orí àti Òkúta

Harrowfold,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, 1934

Bàbá Enoch mi,

Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Mo mọ̀ pé Alice Bolt ti kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nítòsí yín ní Kánádà, pé èmi Reuben dáná sun ọgbà Ọ̀gbẹ́ni Stroud, pé ọlọ́pàá sì ti gbé mi lọ sẹ́wọ̀n. N kò dáná sun nǹkan kan. Wáyà kì í jóná. Ohun tí mo ṣe ni pé mo hú àwọn òpó ọgbà náà lójú ọ̀sán gangan, èmi àti Tom Bolt ọ̀rẹ́ mi, a kó wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ńlá rẹ̀, a tò wọ́n bí igi ìdáná, mo sì kan ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé olè ló wá. Adájọ́ bá mi wí, ó ní kí n san ìtanràn, Màámi ta àgbò kan, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èmi rèé nílé. Ọ̀dùnkún ni mo jẹ lálẹ́ àná.

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ẹ kú òtútù. Màámi ní kí n kí yín dáadáa. Ẹ kò mọ̀ mí, nítorí ẹ ti wọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó bí bàbá mi pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni àbúrò bàbá tó bí bàbá mi, kò sì sí ọkùnrin tó ń jẹ́ Haslam mọ́ nínú ẹbí wa àfi èmi àti ẹ̀yin. Ogun gbé bàbá mi lọ. Bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ikọ́ ló pa á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi di tiwa méjèèjì.

Stroud yìí ra ilé ńlá lẹ́yìn tí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ kú tán. Owó òwú ló fi rà á. Ó fẹ́ kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa yìnbọn pa ẹyẹ ní pápá Blackrigg, ó sì ní àgùntàn wa ń lé ẹyẹ òun. Ó wá fi wáyà ṣọgbà yí pápá náà ká, ó ní kì í ṣe ti ìlú. Ó ní Òkúta Ìsàlẹ̀ ni ààlà Harrowfold parí sí, kì í ṣe Òkúta Òkè. Ẹ sì mọ̀ pé gbogbo Blackrigg ló wà láàárín òkúta méjèèjì. Bí ó bá borí, kò sí ibi tí àgùntàn kan yóò ti jẹ koríko, kò sì sí ilẹ̀ dúdú tí a ó gé, tí a ó sá, tí a ó fi dáná nígbà òtútù. Màámi kò ní nǹkan mìíràn láyé yàtọ̀ sí àgùntàn wọ̀nyẹn. Bí wọ́n bá lọ, ilé wa ti tú nìyẹn.

Ìjọba yóò rán ẹnì kan wá láti London ní oṣù Kẹwàá láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Àwọn ìwé àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ti jẹrà nígbà tí odò kún wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Pym, lọ́yà tó ń bá ìlú rojọ́, ní kò sí ẹ̀rí mìíràn mọ́ àfi ẹni tí wọ́n fi orí rẹ̀ kan òkúta ààlà nígbà ọmọdé. Ẹ̀yin rèé. Ní gbogbo ọdún keje, àlùfáà àti àwọn àgbà á rìn yí ààlà ká, wọ́n á dorí àwọn ọmọkùnrin kodò, wọ́n á fi kan àwọn òkúta, kí ibi tí ìlú parí sí má baà kúrò lọ́kàn wọn títí wọ́n á fi hewú. Ọdún tiyín ló kẹ́yìn, nítorí pé àlùfáà tuntun tó dé lẹ́yìn náà kò fẹ́ràn ọtí tí wọ́n ń mu níbẹ̀, ó sì fòpin sí i. Nínú àwọn ọmọ ọdún náà, Jabez Lund nìkan ló kù nílé, òun sì ti ń pe Màámi ní ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni orí yín ṣì pé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá adájọ́ ìlú yín, ẹ búra níwájú rẹ̀ pé Òkúta Òkè ni, kí ó lu òǹtẹ̀ sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ọtí. Ned Sugden ní, "Reuben, orí arúgbó tó wà lódì kejì òkun lo fẹ́ fi bá wa jà." Mo ní ó sàn ju èyí tó wà lọ́rùn tirẹ̀ lọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Reuben

*

Dunmere, Saskatchewan,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹrin, 1934

Reuben, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kí ọ, mo kí ìyá rẹ. Kí n tó dáhùn, jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ta ló sọ fún mi nínú yín? Ọmọ Alice Bolt ló sọ ọ́ fún mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹyin. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ra sítáǹpù. Ẹ kò rántí pé mo lórí àfi ìgbà tí ẹ wá nílò orí náà. Ó tó. Mo ti bínú tán.

Ilẹ̀ ibí ń fò. N kò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ yé ẹni tí kò rí i. Mo gbin àlìkámà, ó hù, atẹ́gùn sì gbé e tòun ti ilẹ̀ tó hù sí, ó gbé e gba orí oko aládùúgbò mi kọjá, òun náà ń wò ó. Àwo kì í ṣí ojú sókè lórí tábìlì mi. Ìgbà tí mo bá fẹ́ bu oúnjẹ ni mo ń dojú rẹ̀ sókè, n ó sì tètè jẹ ẹ́ kí eruku tó jẹ ẹ́. Sigrid, ìyàwó mi, ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ọdún méjì, mo sì máa ń lọ kó iyẹ̀pẹ̀ padà sórí sàréè rẹ̀. Bí ó bá ń wá sí ọ lọ́kàn láti wá bá mi, má wá.

Ṣùgbọ́n o bi mí léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí. Mo ka ibẹ̀, mo gbé lẹ́tà rẹ sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín nínú ilé èmi nìkan.

Ọmọ ọdún méje ni mí. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Jabez ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọn ò tíì fọwọ́ kàn án tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n bá fi búrẹ́dì dí i lẹ́nu. Bí àwa yòókù ṣe rí i bẹ́ẹ̀, gbogbo wa bú sẹ́kún, kí tiwa náà lè dé. Nígbà tó kàn mí, alágbẹ̀dẹ di ẹsẹ̀ mi kan mú, ẹnì kan di èkejì, wọ́n sì dorí mi kodò. Nígbà náà ni bàbá mi jáde láàárín àwọn ọkùnrin. O kò mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Òkúta ló ń fọ́ láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ kì í kan àwa ọmọ bí kò bá ṣe pé ó fẹ́ nà wá. Kò gbé mi rí. Kò gbé ẹ̀gbọ́n mi náà rí. Ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bọ àárín orí mi àti òkúta, ó ní, "Ẹ kàn án báyìí." Wọ́n kàn án. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bó. Ó lá ẹ̀jẹ̀ náà, ó dìde, kò wojú mi.

Mo ṣì ń rí gbogbo rẹ̀ ní ìdoríkodò bí mo ṣe rí i nígbà náà. Òkúta náà ní ihò kékeré kan lórí tí omi òjò kún. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ bí arúgbó tó ń wá owó tó já bọ́. Lẹ́yìn náà a jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì lábẹ́ igi náà, àwọn àgbà ṣí àgbá ọtí. Bàbá mi kò tún ṣe irú rẹ̀ mọ́ títí mo fi kúrò nílé. Ọwọ́ kan yẹn ni mo gbé wá sí Kánádà.

N ó lọ sọ́dọ̀ adájọ́ nígbà tí ojú ọ̀nà bá ṣeé rìn. Dá mi lóhùn lórí ìwọ̀nyí: ṣé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń dún bí ìkòkò tó sán? Ṣé wọ́n ṣì ń ta àkàrà òyìnbó elátalẹ̀ lẹ́bàá afárá? Kí o sì já ẹ̀ka kan fún mi nínú òdòdó elésè àlùkò tó ń bo Blackrigg, kí o fi í sínú lẹ́tà. Mo fẹ́ gbóòórùn nǹkan tí kì í ṣe eruku.

Bàbá rẹ,
Enoch Haslam

*

Harrowfold,
Ọjọ́ ogún oṣù Karùn-ún, 1934

Bàbá Enoch mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀ ìyá wa Sigrid. Ẹ̀bi wa ni ti ọ̀rọ̀ ikú Bàbá àgbà; n kò ní àwáwí kankan. Agogo ṣì ń dún bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ burú sí i. Obìnrin elátalẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ ń ṣe é, ó le bí òkúta. Òdòdó kò tíì yọ. Oṣù Kẹjọ ni, ẹ ti gbàgbé ni?

Alẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé, mo kà á sókè ní ilé ọtí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo kà á tán, Ned Sugden fúnra rẹ̀ ló ra ọtí fún mi, Tom Bolt sì ń fi ìkúùkù lu tábìlì. Jabez gbé ọwọ́ lé àtàrí ara rẹ̀. Ó ní, "Àjàrà gbígbẹ wà nínú búrẹ́dì náà." Ọ̀rọ̀ tó mọ́pọlọ dání tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láti Kérésìmesì nìyẹn. Gbogbo wa gbà pé a ti borí.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Mísì Orrell gòkè lọ. Òun ló kọ́ mi ní ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa, ó sì ṣì ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe fún mi lójú títì. Ó fẹ́ ya Òkúta Òkè fún ilé ẹjọ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Bàbá, Òkúta Òkè kò ní ihò. Orí rẹ̀ dán bí orí apárí. Kò sì sí igi kankan nítòsí rẹ̀, atẹ́gùn kò jẹ́ kí igi hù níbẹ̀ rí. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí a dé Òkúta Ìsàlẹ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún rèé, ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ihò rèé. Omi wà nínú rẹ̀. Mísì Orrell pa ìwé àwòrán rẹ̀ dé láìfa ìlà kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún rò ó. Ó ti pẹ́. Ìdoríkodò lẹ wà, ẹ sì ń sunkún. Ọdọọdún ni Bàbá àgbà ń mú mi gun òkè lọ sí Òkúta Òkè, á ní, "Ibí ni Harrowfold parí sí, ó ku ọ̀run." Ṣé ẹ̀gbọ́n yín purọ́ fún mi ni?

Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Pym. Ó wo àjà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní bí ẹ bá dé iwájú adájọ́, kí ẹ má ṣàlàyé òkúta. Kí ẹ kàn sọ pé wọ́n fi orí yín kan òkúta ààlà ní Blackrigg, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ó ní kì í ṣe irọ́. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà bóyá irọ́ ni, n kò rí òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgùntàn kì í dúró de ẹni tó ń ronú. Ẹ bá wa sọ ìwọ̀nba yẹn.

Ọmọ yín,
Reuben

*

Harrowfold,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Keje, 1934

Bàbá Enoch mi,

Ẹ kò fèsì. Mo ń pàdé ẹni tó ń pín lẹ́tà lójú ọ̀nà, ó ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn báyìí kó má baà rí mi.

Bí inú bá ń bí yín, ẹ kọ ọ́. Èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka dídákẹ́. Màámi ní bóyá ara yín kò yá. Bí ara yín kò bá yá, ẹ dárí jì mí. Bí ó bá yá, ẹ kò ṣe dáadáa.

Stroud ti ri òpó tuntun, irin ni wọ́n. Ó ń wá ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa ṣọ́ pápá fún un, Tom Bolt sì lọ gbà á. Tom tí a jọ hú òpó. Mo bi í lójú títì. Ó ní, "Ìyàwó mi lóyún, Reuben. Kí lo fẹ́ kí n fi bọ́ ọ, òkúta?" Mo ní kó fi ìtìjú bọ́ ọ. Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. N kò sì tíì lọ bẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó ń ra ọtí fún mi ní oṣù Karùn-ún ti ń bi mí níbo ni orí Kánádà wà. Màámi ti ta ìdajì àgùntàn, nítorí koríko ẹ̀bá ọ̀nà kò tó wọn. Àwọn tó kù ń dúró sídìí wáyà láàárọ̀, wọ́n ń wo òkè. Ẹ fèsì.

Reuben

*

Dunmere,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ, 1934

Reuben,

Eruku wọ mí láyà, mo sì dùbúlẹ̀ títí wọ́n fi rò pé ó ti parí. Òótọ́ ni ìyá rẹ sọ. Kí i fún mi. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ: kí àìsàn náà tó dé, lẹ́tà rẹ ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ láìdáhùn. Inú bí mi. O ní ìdoríkodò ni mo wà. O ní mo ń sunkún. Èmi tí mo gbé e láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ìwọ tí kò sí níbẹ̀ lo wá ń tún un tò fún mi.

Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, mo tún un rò bí o ṣe wí. Kò yí padà. Igi ni. Ihò ni. Omi ni. Àmọ́ mo rántí ohun tó ṣáájú rẹ̀, tí n kò rò pé ó ṣe pàtàkì. Òjò náà pọ̀, àlùfáà ti darúgbó, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Olówó tó wà ní ilé ńlá nígbà náà jẹ́ ọmọlúwàbí, ó ti gbé àgbá ọtí ránṣẹ́ sí Òkúta Ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n mu ún kí ara wọn gbóná. Nígbà tí àwọn àgbà rí ọtí, ẹsẹ̀ wọn kò gbé mọ́. Alágbẹ̀dẹ ní kí wọ́n kan orí àwa ọmọ níbẹ̀, kí kálukú máa lọlé. Bàbá mi ní, "Ààlà kọ́ nìyí. Ẹ jẹ́ ká gòkè." Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Alágbẹ̀dẹ ní, "Haslam, òkúta rẹ kò ní sá. Tó bá tún di ọdún keje, a ó gòkè." Ọdún keje dé, àlùfáà tuntun ti dé. Kò sí ẹni tó gòkè mọ́.

Nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi kò purọ́ fún ọ. Ohun tí bàbá wa sọ ló sọ fún ọ. Èmi náà kò sì purọ́. Ọtí ni a fi orí wa ṣọ́, kì í ṣe ààlà.

Mo mọ ohun tí lọ́yà rẹ fẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin aládùúgbò mi lọ bá adájọ́, mo dúró, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní wọ́n fi orí mi kan òkúta ààlà. Adájọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Báwo ni ó ṣe rí, Bàbá?" Bóyá ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo fẹ́ ṣe bí lọ́yà rẹ ṣe ní. Reuben, bí mo bá yọ igi kúrò, tí mo yọ omi kúrò, ibo ni bàbá mi yóò kúnlẹ̀ sí? Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ pé ààlà kọ́ nìyí, mo sì ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ìwé náà wà nínú àpòòwé yìí. Bóyá ọ̀rọ̀ bàbá mi yóò gbà yín. Bí kò bá gbà yín, ìwọ lo ni ìwé náà. Bí o bá jù ú sínú iná, n kò ní bi ọ́.

Enoch

*

Harrowfold,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá, 1934

Bàbá Enoch mi,

Ẹ kú àìsàn. A dúpẹ́ pé ẹ dìde. A pàdánù ẹjọ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ọmọ Alice Bolt tó rí yín ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

Nígbà tí ìwé yín dé, mo gbé e tọ Ọ̀gbẹ́ni Pym lọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n gbé e sílé, pé òun kò rí i, pé ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló ń rì sókun. Ó ní Jabez nìkan ni òun yóò pè. Ned Sugden bá ń lọ jókòó ti Jabez lójoojúmọ́, ó ń fún un ní búrẹ́dì tó ní àjàrà gbígbẹ, ó ń kọ́ ọ pé "Òkúta Òkè, Jabez, Òkúta Òkè," bí ẹni ń kọ́ odídẹrẹ́. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Àwọn àgbàlagbà há sórí àga ọmọdé, orúnkún wọn kan àgbọ̀n. Jabez wọ ẹ̀wù tó ní kọ́là. Ó sọ Òkúta Òkè dáadáa, kò ṣì í, àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí. Lọ́yà Stroud béèrè bóyá òótọ́ ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọjọ́ náà ṣì wà láàyè ní Kánádà. Tom Bolt jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù ẹ̀ṣọ́, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Òun náà wà ní ilé ọtí lálẹ́ tí mo ka lẹ́tà yín, ẹnu ara mi ni mo fi kó igi àti ihò fún wọn. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní ṣé ẹ búra, ṣé ìwé yín dé? Ọ̀gbẹ́ni Pym gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Ìwé náà wà lápò mi. N kò mọ ìdí tí mo fi mú un dání. Gbogbo yàrá náà ń retí kí n sọ pé kò dé, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ọrùn mi bí ẹni tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ kan ni. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, kò ní sí ẹni tó ń jẹ́ Enoch Haslam mọ́, kò sí ọmọ ọdún méje, kò sí ẹni tó kúnlẹ̀. Àgùntàn wa yóò máa jẹ koríko lórí yín.

Mo ní, "Ó dé."

Ọkùnrin ará London na ọwọ́, mo fún un. Ó kà á sókè. Nígbà tó dé ibi tí bàbá yín ti sọ pé ààlà kọ́ nìyí, ó gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òkú sọ, tí ọmọdé gbọ́, òfin kò lè gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ibi tí wọ́n kan orí sí nìkan ni òfin ń wò. Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó dà bí ẹni pé ó rẹ̀ ẹ́.

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àga tó ń ha ilẹ̀ lẹ́yìn mi. Wọ́n ń dìde lọ. Ned Sugden dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó tó jáde, ó ní, "O ti tà wá fún arúgbó kan tí o kò rí rí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò rí wọn rí.

Ìdájọ́ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Blackrigg ti di ti Stroud. Màámi ta àwọn àgùntàn tó kù, ó ń lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ìlú ilé iṣẹ́ òwú, ó sì ti ń sọ fún mi pé òun kò tilẹ̀ fẹ́ràn àgùntàn rí. Irọ́ ni. Èmi kò lọ. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò fọ́ òkúta fún ojú ọ̀nà, bíi ti bàbá yín, mo sì ti gbà á. Mo lọ bẹ Tom. Kò ṣílẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ ló gba ẹnu fèrèsé sọ fún mi pé ọkùnrin ni òun bí.

Òdòdó tí ẹ ní kí n já rèé. Ó ti gbẹ, nítorí mo pẹ́. Inú wáyà ni mo gba na ọwọ́ já a, wáyà náà sì bó mi lẹ́yìn ọwọ́. Mo lá a. Mo ń lọ nígbà tí mo rántí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nítòsí ibẹ̀.

Wọ́n ti sọ fún yín, tàbí wọn yóò sọ, pé gbogbo Harrowfold kẹ̀yìn sí mi lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo wọn. Nígbà tí àga kò ha ilẹ̀ mọ́, mo yíjú padà, mo sì ka àwọn tó kù. Màámi, tó de fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò wo ibòmíràn bí kò ṣe ojú mi. Ọ̀kan. Mísì Orrell lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ àwòrán ayé tó fi kọ́ wa níbi tí Kánádà wà. Méjì. Jabez Lund, tí Ned fà lápá pé kó dìde, tó sì kọ̀, tó ní wọn kò tíì fún òun ní búrẹ́dì òun. Mẹ́ta. Ìwé yín lórí tábìlì, pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀, ni mo kà sí ẹ̀yin. Mẹ́rin.

Bí ẹ bá gbà fún mi kí n ka ọwọ́ bàbá yín mọ́ wọn, a jẹ́ márùn-ún.

Ọmọ yín,
Reuben